Táńkì Tó Fẹ́ Gba Àlejò Lọ́wọ́ Wa

Òórùn méjì ló ń bára wọn jà ní àgbàlá ilé wa ní Gúlélì, ní ìlú Jédà, láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Àkọ́kọ́ ni ti bùkúùrù, igi olóòórùn dídùn tí ìyá wa máa ń sun lórí èédú kí èéfín rẹ̀ lè wọ aṣọ bàbá wa kí wọ́n tó lọ kírun Jímọ̀. Èkejì ń ti abẹ́ kàráfáànì wa jáde, ẹ má sì jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ nígbà tí n kò mọ̀ bóyá ẹ ń jẹun lọ́wọ́. Ìyá wa dúró pẹ̀lú àwo èédú, wọ́n ń fẹ́ èéfín sí abẹ́ ọkọ̀ náà bí ẹni ń bẹ ọmọ alágídí. Kí oòrùn tó gòkè dáadáa, bùkúùrù ti juwọ́ sílẹ̀. Àwọn ará òkè ń ti fèrèsé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, obìnrin kan tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ sì kó aṣọ tó sá sórí okùn wọlé láìtíì gbẹ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Jédà á rántí Gúlélì ìgbà náà. Àwọn ọ̀nà rẹ̀ há débi pé bí kẹ̀kẹ́ méjì bá pàdé, ọ̀kan ní láti kọ́kọ́ kí èkejì dáadáa kó tó bẹ̀ ẹ́ pé kó padà sẹ́yìn. Láàárọ̀, òórùn búrẹ́dì tàmíìsì á ti ẹnu ààrò jáde, ẹ ó gbọ́ Hausa lápá ọ̀tún, ẹ ó gbọ́ Yorùbá lápá òsì, Lárúbáwá á sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ilé wa, Yorùbá ni òfin. Ìyá wa máa ń sọ pé ẹni tó bá fi Lárúbáwá tọrọ ẹran kó lọ jẹ ẹ́ nílé Lárúbáwá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbà fún wa ni pé ká máa pe bàbá wa ní Yábà bí àwọn ọmọ ìgboro ṣe ń pe bàbá tiwọn, nítorí pé bàbá wa fúnra wọn fẹ́ràn rẹ̀.

Kàráfáànì, fún ẹni tí kò bá rí i rí, ni ilé onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ fà kiri. Tiwa ní ibùsùn, ní sítóòfù, ní ibi ìwẹ̀ kékeré àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó kéré débi pé ẹni tó sanra ní láti ronú kó tó wọlé. Abẹ́ rẹ̀ ni táńkì méjì wà. Omi ìwẹ̀ àti omi ìfọwọ́ ń lọ sínú ọ̀kan, èkejì ń gba ohun tó ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlẹ̀kùn kékeré lẹ́nu, pẹ̀lú ọwọ́ irin tí wọ́n ń fà kí ohun inú rẹ̀ lè gba inú rọ́bà jáde. Bọ̀dá Ráṣídì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló sọ táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lórúkọ. Ó pè é ní Mudíìrì, orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀gá àgbà ilé ìwé wọn, nítorí ó ní kò sí ẹni tó wọ ọ́fíìsì àwọn méjèèjì tí kì í yára jáde.

Bàbá wa ni awakọ̀ fún ìdílé kan ní Óbúhúrù, níbi tí àwọn olówó kọ́ ilé sí létí òkun. Nígbà tí wọ́n ra kàráfáànì tuntun, ìyálé ilé náà ní kí bàbá wa máa mú èyí tó ti gbó lọ. Ọjọ́ tí wọ́n wọ́ ọ wọ Gúlélì, gbogbo àdúgbò tú jáde. Ẹni tí kò ní ju bàtà kan lọ ń kọ́ bàbá wa bí wọ́n ṣe ń wa ilé. Wọ́n gbé e sí àgbàlá, ó gba ìdajì rẹ̀, onílé sì ní òun fara mọ́ ọn títí Háájì yóò fi kọjá.

Bí ẹ bá wá ń béèrè pé kí ni awakọ̀ tó ní ọmọ mẹ́rin fẹ́ fi kàráfáànì ṣe, ẹ bi orúnkún ìyá ìyá mi. Ìwó ni wọ́n ń gbé. Ọdún yẹn ni àwọn ọmọ wọn ní ilé dá owó jọ kí wọ́n lè wá sí Háájì. Ṣùgbọ́n òkè pátápátá ni àwa ń gbé ní Gúlélì, àtẹ̀gùn ilé náà ga, ó sì ṣókùnkùn, orúnkún wọn kò sì gbà fún wọn láti gun ohun tó ju ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí lọ. Lórí fóònù, wọ́n ti sọ fún ìyá wa pé àwọn yóò dúró ní ìsàlẹ̀, àwọn yóò kí wa, àwọn yóò sì bá ẹgbẹ́ àwọn padà sí Mẹ́kà. Ìyá wa jáde nínú kàbíínà tí wọ́n ti ń fi fóònù pe ilé lọ́jọ́ náà, wọ́n ń fi híjáàbù nu ojú, wọ́n ní eruku ni. Nígbà tí kàráfáànì dé, wọ́n rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fọwọ́ kan ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ní: "Ọlọ́run ti kọ́ yàrá fún ìyá mi, ó tún fi táyà sí i."

Èmi ò rí ìyá àgbà rí. Ohùn ni mo mọ̀, ohùn tó máa ń dún bí ẹni pé inú ìkòkò ló ti ń sọ̀rọ̀, tó máa ń pè mí ní Àṣàkẹ́ kó tó béèrè bóyá mo ti jẹun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ilé ìwé ní ìyá àgbà tí wọ́n lè sùn lẹ́sẹ̀ wọn. Èmi ní fóònù.

A kọ́kọ́ lọ dán kàráfáànì wò létí òkun ní Óbúhúrù. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́, ìyá wa ń dín ẹja, bàbá wa jókòó sórí àga bí ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ. Kí ìrun Aláásàrí tó tó, omi ti ń rú jáde láti ojú ihò ibi ìwẹ̀, ó ti rin ẹní tí ìyá wa rà fún ìyá àgbà. Ẹ má bínú sí àwọn tó ṣe kàráfáànì náà. Wọ́n ti ṣírò ẹni tí yóò fọ ọwọ́ díẹ̀, tí yóò sì fi bébà nu ara. Wọn ò ṣírò ìdílé Yorùbá Mùsùlùmí pẹ̀lú búútà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá fún gbogbo ìrun, tí àbíkẹ́yìn wọn sì ń mọ̀ọ́mọ̀ ba àlùwàlá tirẹ̀ jẹ́ kó tún lè fi omi ṣeré. Bàbá wa yọjú wo omi náà, wọ́n ní: "Ìyá Ráṣídì, ìrun wa ti pọ̀ ju táńkì lọ." Ìyá wa dáhùn pé táńkì ni kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dàgbà.

A kó omi ìwẹ̀ náà sínú kẹ́ẹ̀gì, a sì gbé e lọ dà sí kòtò ìdọ̀tí ilé ọ̀gá bàbá wa tó wà nítòsí. Bọ̀dá Ráṣídì, tí kò fẹ́ gbé nǹkan kan rí láyé rẹ̀, dábàá pé òkun kò jìnnà. Ìyá wa kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò nídìí epo. Wọ́n ní: "Ẹja tí o máa jẹ lọ́la ń gbọ́ ohun tí ò ń sọ o." Láti ọjọ́ náà, ìta la ti ń ṣe àlùwàlá, ìdí igi kékeré kan la sì ń da omi rẹ̀ sí.

Ibi tí wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ilé. Bàbá wa na rọ́bà kan láti ẹnu Mudíìrì sí bàyárà, kòtò ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ àgbàlá wa, tí ọkọ̀ onítáńkì tí à ń pè ní wáyìtì máa ń wá fa. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ní Óbúhúrù ni pé kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn táńkì títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí wọ́n tó ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá wa gbọ́ èyí, wọ́n ya ẹnu. Ṣé kí ìgbẹ́ máa sùn lábẹ́ ibi tí ìyá tó bí àwọn yóò ti máa ṣe tẹ̀síbáà? Wọ́n ní ẹni tí inú rẹ̀ bá mọ́ kì í fi ẹ̀gbin pamọ́, kí wọ́n fi ìlẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu, kí ohun tó bá dé máa lọ lójú ẹsẹ̀. Bàbá wa, tó mọ ìgbà tí ọkùnrin ń gbà, fa ọwọ́ irin náà, ìlẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí.

Ẹ̀yin náà mọ bí àárọ̀ ṣe ń rí nínú ilé tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Àwa ọmọ sọ kàráfáànì di ti ara wa. Lẹ́yìn Àsùbáà, a ó sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú búútà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín, ẹni tó bá kẹ́yìn á pẹ́ dé ilé ìwé. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò ni pé bí ìlẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí, omi nìkan ni yóò máa bá tirẹ̀ lọ. Èyí tó le yóò jókòó, yóò máa dúró de ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ooru Jédà yóò sì máa gbẹ wọ́n pọ̀. Bí Mudíìrì ṣe di òkúta nìyẹn, tó fi di àárọ̀ Jímọ̀ tí bùkúùrù sá.

Bàbá wa gbé ọ̀pá irin, wọ́n fi gún un títí òógùn fi bò wọ́n. Ìyá wa da Ísàlì sí i, òórùn wá di mẹ́ta. Wọ́n pe awakọ̀ wáyìtì, ó ki rọ́bà ńlá rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fa omi díẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀, ó sì ní òkè ló wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n gé táńkì náà sọ nù. Táńkì mìíràn kò sí lọ́jà, ìyá àgbà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ọkọ̀ òfúrufú. Bàbá wa gbé ọ̀pá irin sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn yóò lọ sí Rùséfà ní Mẹ́kà lọ́jọ́ kejì, àwọn yóò wo ibi tí ẹgbẹ́ ìyá àgbà ń dé sí, kí wọ́n bá wọn fi ibùsùn kan sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín àwọn tí wọn ò mọ̀ rí. Ìyá wa kò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọ inú kàráfáànì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ibùsùn tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn rán. Èyí bà mí lẹ́rù ju òórùn lọ, nítorí ìyá wa kì í dákẹ́.

Èmi wà ní àgbàlá, nídìí ìkòkò ìrẹsì kan tó jóná. Ìkòkò fífọ̀ ni iṣẹ́ mi, ìyá wa sì ti kọ́ mi pé: "Omi là ń fi bẹ ìkòkò tó bá jóná. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ bẹ̀ ẹ́ yóò dá a lu." Mo ti rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ láti ìgbà oúnjẹ. Nítorí pé n kò ní sùúrù, mo gbé e sókè, mo mì ín jìgìjìgì, èèpá ìdí rẹ̀ sì ṣí lójijì, ó léfòó bí ewé. Mo wo ìkòkò. Mo wo Mudíìrì. Mo sáré gun àtẹ̀gùn lọ bá bàbá wa pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ.

Mo ní: "Yábà, ẹ ti ìlẹ̀kùn Mudíìrì pa. Ẹ jẹ́ ká rọ omi àti ọṣẹ kún un, kó mu ún títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí ẹ wá wọ́ ọ dání lọ sí Mẹ́kà lọ́la, kí ọ̀nà máa bá wa mì ín."

Bọ̀dá Ráṣídì rẹ́rìn-ín débi pé ó dì mọ́ ògiri. Bàbá wa kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ òdì. "Ìgbẹ́ ni kí n gbé lọ sí Mẹ́kà? Ibi tí àwọn èèyàn ń fi omijé tọrọ kí wọ́n tó lè dé, ìwọ ní kí n wọ́ ìyẹn lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìyá wa tó ń ká aṣọ. Mo ní: "Kò ní wọ Mẹ́kà, Yábà. Ẹ jẹ́ ká dé ibi ààlà ilẹ̀ mímọ́, ká yí padà."

Ohùn ìyá wa wá láti ẹ̀yìn mi lórí àtẹ̀gùn, aṣọ ibùsùn ṣì wà lápá wọn. "Àlàájì, ọmọ yín ti fún yín ní fátíwà. Ó kù kẹ́ ẹ wakọ̀."

Omi tí a pọn lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n bá dà á sí aṣálẹ̀, koríko á hù. Ìyá wa pọn, Bọ̀dá Ráṣídì pọn pẹ̀lú ìkùnsínú, èmi ń da ọṣẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a so kàráfáànì mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí bàbá wa yá lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, èmi nìkan ni wọ́n sì mú dání. Wọ́n ní ẹni tó mú àbá wá ni kó tẹ̀ lé e. Ọ̀nà àtijọ́ tó gba Báhárà ni a gbà, nítorí ó kún fún gegele tí wọ́n mọ sójú ọ̀nà kí ọkọ̀ má baà sáré. Awakọ̀ mìíràn máa ń bú gegele. Ní ọjọ́ yẹn, bàbá wa ń wá wọn kiri. Bí a bá gun ọ̀kan, a ó gbọ́ Mudíìrì lẹ́yìn, gbọ̀ọ̀mù, gbọ̀ọ̀mù, bí ẹni tó ń lu ìlẹ̀kùn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun jáde.

Ọlọ́pàá dá wa dúró níbi ìdènà. Ó wo ìwé ìgbélùú bàbá wa, ó béèrè ohun tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn. Bàbá wa ní omi ni. Ọlọ́pàá ní irú omi wo. Bàbá wa ń wá ọ̀rọ̀ tó níyì, èmi sì ti yọjú lójú fèrèsé, mo fi Lárúbáwá ìgboro ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un láti orí ìyá àgbà dé orí òkè tó wà nínú táńkì. Ọlọ́pàá náà sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ó dá ìwé padà láìfọwọ́ kan ọkọ̀, ó ní kí Ọlọ́run mú ìyá àgbà dé láyọ̀, ká sì jọ̀wọ́ ká máa lọ.

Kí a tó kan pátákó tó ń sọ pé ilẹ̀ mímọ́ bẹ̀rẹ̀ níwájú, bàbá wa dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kọjú sí Mẹ́kà, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. N kò mọ ohun tí wọ́n tọrọ. Mo mọ ohun tí èmi tọrọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n yí ọkọ̀ padà, gbogbo gegele tí a ti kí nígbà tí a ń lọ, a tún kí wọn nígbà tí a ń bọ̀.

Gbogbo ilé ló wà lójú fèrèsé nígbà tí a dé. Obìnrin ìsàlẹ̀ ti tún kó aṣọ rẹ̀ wọlé, kí òórùn má baà wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá wa so rọ́bà mọ́ bàyárà, wọ́n wo ọwọ́ irin náà, wọ́n wò mí. Wọ́n ní: "Ìwọ ni kó o fà á." Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Kò kọ́kọ́ sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà náà fò sókè bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ìró kan sì dún lábẹ́ kàráfáànì, ìró tó jinlẹ̀, tó gùn, tó dùn, bí ìgbà tí àgbà kan bá jókòó lẹ́yìn ìrìn àjò. Apá kan rọ́bà náà mọ́ gaara bí dígí, a sì ń wo ohun tó ń kọjá. Ó dúdú bí kọfí, ó di pupa bí tíì. A tún rọ omi kún un, a tún ṣí i, títí ohun tó ń jáde fi mọ́ tónítóní. Bọ̀dá Ráṣídì fẹ́ fi omi mímọ́ ti Mẹ́kà wé e, ojú tí ìyá wa fi wò ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Lójú fèrèsé, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Wọn ò pàtẹ́wọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gboyè, kẹ́ ẹ mọ̀.

Ìyá wa kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá dúró níwájú mi, wọ́n ní: "Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ mi." Wọ́n wá wọ inú kàráfáànì, wọ́n tẹ́ aṣọ ibùsùn náà padà. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ìlẹ̀kùn Mudíìrì kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Bí ó bá pé, ti Mudíìrì la ó kọ́kọ́ tú, omi ìwẹ̀ á tẹ̀ lé e kó lè fọ inú rọ́bà. Ìyá wa ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá yà wá bí a ṣe ń ṣe é, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ìyá àgbà dé. Wọ́n kéré ju ohùn wọn lọ. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo yẹn, wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n sì wọlé láìsí ìrora. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n jáde pẹ̀lú búútà lọ́wọ́, wọ́n ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yìí mọ́ ju ti àwọn ọlọ́lá lọ, ta ló ń tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ọwọ́ nà sí mi. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà pé ọ̀nà mi kò ní dí, pé ohun tó bá dí mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, èmi ni yóò ṣí i. Èmi sì fi Yorùbá ṣe àmín, àmín tó gùn. Lẹ́yìn Háájì, nígbà tí wọ́n ti di Àlàájà, a wọ́ wọn lọ sí Óbúhúrù, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ òkun, wọ́n ní iyọ̀ náà ń bá orúnkún àwọn sọ̀rọ̀. Mo sùn lẹ́sẹ̀ wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà lọ́dọ̀ wa.

Mo ti di olùkọ́ nísinsìnyí, mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kẹ́místírì, Rùséfà yẹn gan-an ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Àwa náà ra kàráfáànì. Ní àsìkò òtútù tó kọjá, a gbé àwọn ọmọ àti ìyá wa lọ sí aṣálẹ̀ lẹ́yìn Jédà. Nígbà tó yá, táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ̀ láti ṣí. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo wọ ìbòmú, mo wo fídíò lórí fóònù, mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún wa. Mo ń bá ọkọ mi jiyàn lórí bóyá ká dúró de èsì, bóyá ká pe ẹni tó mọṣẹ́, bóyá kẹ́míkà kan wà tí kò ní ba táńkì jẹ́. Mo ní ìdí mẹ́ta tí kò fi yẹ ká tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dára.

Ìyá wa jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń mu tíì. Wọ́n gbọ́ tiwa títí ó fi sú wọn. Wọ́n gbé ife sílẹ̀, wọ́n ní: "Olùkọ́, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi pe ọmọ tó bá bàbá rẹ̀ jiyàn lórí àtẹ̀gùn wá."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi dúró, mo ń wá ọmọ náà nínú ara mi. Ó kéré sí mi gan-an, ìwé rẹ̀ kò tó nǹkan, kò mọ ìdí kan ṣoṣo tí kò fi yẹ kó gbìyànjú. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo ju fóònù sórí àga, mo ní kí àwọn ọmọ gbé omi àti ọṣẹ wá.

Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà dé.